Odi Mẹ́ta: Wídà, Kétu àti Havana

Ẹ̀yin ará wa ní Bẹ̀nẹ̀, ní Nàìjíríà, ní Tógò, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, a kí yín o. 

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìkíni yẹn: ẹ̀yìn odi. Bí ọmọ ẹni bá wà ní Paris tàbí ní Houston, a ó ní ó wà lẹ́yìn odi. Odi tí à ń sọ yìí, ọ̀pọ̀ ìlú wa ni kò ní in mọ́. Òjò ti wó òmíràn, àwọn kan ti kọ́lé sórí òmíràn, títì ti gba orí òmíràn kọjá. Síbẹ̀, ó kù sí ẹnu wa. Nígbà kan rí, ògiri amọ̀ tí àwọn baba wa mọ yí ìlú ká ni ààlà láàrin ilé àti oko, láàrin ààbò àti ewu. Ẹni tó bá ti kọjá rẹ̀, ó ti wà lẹ́yìn odi, àdúrà ló kù tí a ó máa gbà fún un.

Ohun tó mú wa sọ̀rọ̀ odi lónìí ni ọ̀rọ̀ àwọn àlejò tí ń bá ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ wá sí èbúté Kútọnu. Ẹ mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ilé alájà ni lórí omi, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ní etí òkun Áfíríkà. Ó máa ń gúnlẹ̀ ní òwúrọ̀, ó sì máa ń ṣí ní ìrọ̀lẹ́. Láàrin wákàtí díẹ̀ yẹn, bọ́ọ̀sì á kó àwọn àlejò lọ sí Ganvié lórí omi, tàbí sí Wídà, bóyá kí wọ́n ya Àjàṣẹ́, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ètò bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá Àjàṣẹ́ wá sí òkè lọ́dọ̀ wa. Àwa tí a wà ní Kpoulou, ní àwọn abúlé Adja-Ouèrè, ní Pobè, ní Sakété àti ní Kétu, a kì í sí nínú ìwé ètò wọn.

Kì í ṣe pé a ń jowú Wídà. Ohun tí à ń wí ni pé ẹni tó bá rí Wídà nìkan, ìparí ìtàn ló rí. Odi mẹ́ta ló wà nínú ìtàn yìí: odi tí àwọn baba wa mọ láti fi dáàbò bo ara wọn, odi tí wọ́n kó wọn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sí òkun, àti odi tí wọ́n bá ní òdìkejì òkun. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a tó wá sọ bí a ṣe lè ṣe ètò ọjọ́ àlejò.

ODI TI WÍDÀ

Wídà ni gbogbo ayé mọ̀. Ilé olódi mẹ́ta ni àwọn òyìnbó kọ́ síbẹ̀: ti Faransé, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Pọtogí. Ti Pọtogí, tí wọ́n sọ ní São João Baptista de Ajudá, ni wọ́n kọ́ ní 1721. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1727, Agaja, ọba Dàhọ̀mì, ṣẹ́gun Wídà, ọwọ́ àwọn ọba Àgbómẹ̀ ni èbúté náà sì wà láti ìgbà náà títí Faransé fi dé.

Ilé olódi Pọtogí yẹn ní ìtàn tó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Nígbà tí Dàhọ̀mì gba òmìnira ní 1960, ọgbà kékeré yẹn ṣì wà lọ́wọ́ Pọtogí, bí ilẹ̀ òkèèrè láàrin ìlú. Ní 1961, ìjọba Dàhọ̀mì ní kí wọ́n kúrò. Àwọn aṣojú Pọtogí tó wà níbẹ̀ dáná sun ún kí wọ́n tó lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un ṣe, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1967.

Láti àárín ìlú dé etí òkun tó bíi kìlómítà mẹ́rin. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n kó àwọn ẹrú gbà. Ní ìparí rẹ̀ ni Ilẹ̀kùn Àìpadàbọ̀ wà, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1995. Àlejò á dúró níbẹ̀, á ya fọ́tò, òmíràn á sunkún. Ẹkún náà tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè pé: àwọn tí wọ́n kó gba ibí kọjá, níbo ni wọ́n ti kó wọn? Kí ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó kó wọn? Ilé olódi Wídà kò lè dá a lóhùn. Ilé ìṣòwò ni. Wọn kò kọ́ ọ láti dáàbò bo ọmọ aráyé kankan àyàfi òyìnbó àti ẹrù rẹ̀.

Ẹnì kan wà tó dáhùn ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀. Kossola ni orúkọ rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní Cudjo Lewis. Àwọn onímọ̀ ìtàn sọ pé agbègbè Bantè, láàrin àwọn Yorùbá àárín gbùngbùn Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n ti mú un. Ní 1860, wọ́n kó o láti Wídà pẹ̀lú àwọn èèyàn tó lé ní 100 nínú ọkọ̀ Clotilda lọ sí Mobile, ní Alabama. Ó pẹ́ láyé. 1935 ló kú. Ó sọ fún òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston bí ogun Dàhọ̀mì ṣe wọ ìlú wọn ní ìdájí. Ìlú wọn ní odi, ó sì ní ẹnubodè púpọ̀. Àwọn ọmọ ogun fọ́ ẹnubodè ńlá wọlé. Àwọn ará ìlú sá lọ sí àwọn ẹnubodè yòókù, wọ́n bá ọmọ ogun ní gbogbo rẹ̀. Odi tó yẹ kó dáàbò bò wọ́n wá di ọgbà tí wọ́n ká wọn mọ́. Kossola sọ èyí nígbà tó ti di arúgbó, nǹkan bí 70 ọdún lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó ń sọ ibi tí ìyà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹnubodè ìlú bàbá rẹ̀ ló sọ, kò bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun.

ODI TI KÉTU

Ẹ jẹ́ kí a wá gòkè wá sílé. Kétu wà ní òkè Pobè, nǹkan bí 140 kìlómítà sí Kútọnu. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé Alákétu wà lára àwọn ọba ọmọ Odùduwà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ṣóipáṣán ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde ní Ifẹ̀, wọ́n dúró ní àwọn ibùdó kan lọ́nà, wọ́n dé Àró, kí ọba Ẹ̀dẹ tó kó wọn wá síbi tí Kétu wà títí di òní. Ọdẹ ló ṣáájú wọn nínú igbó.

Ọba kẹrìnlá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sà, ni ìtàn sọ pé ó mọ odi Kétu. Àwọn àgbà ní òmìrán méjì, Ajíbódù àti Olúwódù, ló bá a mọ ọ́n. Bí a bá yọ ti òmìrán kúrò, bí wọ́n ṣe ń mọ odi kò ṣòro láti yé ni. Wọ́n á gbẹ́ yàrà jíjìn yí ìlú ká, erùpẹ̀ tí wọ́n bá kó jáde nínú yàrà ni wọ́n á fi mọ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ ti inú. Ọ̀tá tó bá ń bọ̀ á kọ́kọ́ bọ́ sínú kòtò, lẹ́yìn náà á wá wojú ògiri. Iṣẹ́ gbogbo ìlú ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọba nìkan. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tirẹ̀ láti gbẹ́.

Ẹnubodè ńlá rẹ̀ ni Àkàbà Ìdẹ̀nà, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní olónìí. Ilé ni, kì í ṣe ihò lára ògiri. Ilẹ̀kùn wà ní ìta, ilẹ̀kùn tún wà ní inú, àyè sì wà láàrin méjèèjì. Àlejò tó bá wọ ilẹ̀kùn kìíní kò tíì wọ Kétu. Àárín ni yóò dúró sí, oníbodè yóò wò ó láti òkè délẹ̀, yóò bi í léèrè ẹni tó jẹ́ àti ohun tó gbé lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀tá ni, àárín yẹn ni yóò kú sí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ìdẹ̀nà: àwọn tó dènà de ibi.

Àwọn àgbà tún máa ń fi orúkọ ìlú náà ṣe àlàyé odi yìí. Wọ́n ní, ta ló lè tú iké ẹ̀yìn abuké? Kò sí. Ta ló lè tú ìlú yìí? Kò sí. Bí a bá gba èyí gbọ́ tàbí a kò gbà á, ó fi ọkàn àwọn tó gbé inú odi náà hàn wá: wọ́n gbà pé kò sí ẹni tó lè tú wọn ká.

Ìgboyà yẹn ní ìdí. Ní 1853, Samuel Àjàyí Crowther dé Kétu, ó bá ìlú ńlá tó ń ṣòwò lójú ọ̀nà láàrin Abẹ́òkúta àti Dàhọ̀mì. Abẹ́òkúta pẹ̀lú ti fi hàn pé odi ṣe pàtàkì: ní 1851 àti ní 1864, ogun Dàhọ̀mì kọlu Abẹ́òkúta, ìgbà méjèèjì ni wọ́n sì lé wọn padà níbi odi. Kétu ni wọ́n padà wá kọjú sí.

Kí a tó sọ èyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ìsàlẹ̀ wa níhìn-ín, nítorí kì í ṣe gbogbo odi ni a fi ọwọ́ mọ. Ẹni tó bá mọ agbègbè láàrin Pobè àti Kétu mọ ilẹ̀ dúdú tí Faransé ń pè ní Lama. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ náà máa ń sán bí ìkòkò tó fọ́. Lásìkò òjò, ó máa ń di ẹrẹ̀ tó lè gba bàtà àti ẹsẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Inú ẹrẹ̀ yìí ni àwọn Ọ̀họ̀rí, tí ìwé ìjọba ń pè ní Holli, fi ṣe odi. Ogun kì í fẹ́ wọ ibi tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ìjọba Faransé fẹ́ fi agbára kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sójú ogun tí wọ́n sì ń béèrè owó orí, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí wọn, ilẹ̀ dúdú yìí sì gbè wọ́n gidigidi. Àwa ọmọ abúlé tí a ń bú ẹrẹ̀ yìí nígbà tí zémíjàn bá rì sínú rẹ̀, ó yẹ kí a rántí pé ó ti ṣe odi fún àwọn baba àwọn kan nínú wa.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí Kétu. Ní àwọn ọdún 1880, lásìkò ọba Glèlè, ogun Dàhọ̀mì wá léraléra. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n dó ti ìlú. Ògiri kò wó. Ebi ló wọlé. Àwọn àgbà Kétu sọ pé wọ́n pe àwọn ìjòyè jáde fún ọ̀rọ̀ àlàáfíà, nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n mú wọn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ìdẹ̀nà tí agbára kò lè ṣí, ẹ̀tàn ló ṣí i. Ní 1886, wọ́n sun Kétu, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì kó àwọn yòókù ní ìgbèkùn lọ sí Àgbómẹ̀.

Ìlú náà di ahoro fún ọdún bíi mélòó kan. Ní 1892, ọ̀gágun Dodds ti Faransé wọ Àgbómẹ̀. Ní 1894, ọba Béhanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Láàrin àkókò yẹn ni àwọn ọmọ Kétu tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá tún ilé wọn kọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, wọ́n bá ààlà tuntun nílẹ̀, nítorí pé Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti pín ilẹ̀ láàrin ara wọn ní 1889. Ìmẹ̀kọ, tí ó wà lábẹ́ Kétu tẹ́lẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin ará Ìmẹ̀kọ tí ẹ ń kà wá, ẹ mọ̀ pé ilé kan náà ni wá. Ààlà yẹn, kì í ṣe àwọn baba wa ló mọ ọ́n.

ODI TI HAVANA

Kí ló kan Havana? Ẹ ní sùúrù.

Havana ni olú ìlú Kúbà, ní òkun Karibíà. Èbúté rẹ̀ dà bí ìgò: ẹnu rẹ̀ tóóró, inú rẹ̀ gbòòrò. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ Sípéènì tó kó wúrà àti fàdákà láti Mẹ́síkò àti Perú ti máa ń pé jọ kí wọ́n tó kọjá sí Yúróòpù. Níbi tí wúrà bá wà, olè á wá. Ní 1555, Jacques de Sores, olè òkun ọmọ Faransé, sun ìlú náà. Láti ìgbà náà ni Sípéènì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi òkúta: La Fuerza nínú ìlú, El Morro lórí àpáta ní ẹnu èbúté, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1589, La Punta ní òdìkejì rẹ̀, àti ògiri tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ yí ìlú ká ní 1674.

Òkè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ El Morro tí wọn kò kọ́ nǹkan sí. Ní 1762, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ibẹ̀ gun El Morro. Wọ́n gbẹ́ ihò sí abẹ́ ògiri rẹ̀, wọ́n kó ẹ̀tù sí i, wọ́n sì fọ́ ọ. Ìlú náà túúbá. Nígbà tí Sípéènì gbà á padà ní 1763, kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé olódi La Cabaña sórí òkè yẹn, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá. Owó tó gbà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ọba Sípéènì béèrè awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ó ní ilé tó gba owó tó tó yẹn, ó yẹ kí òun lè rí i láti ààfin òun.

Ta ló gbé òkúta náà? Ẹrú ni, pẹ̀lú ẹlẹ́wọ̀n. Ọba Sípéènì ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Áfíríkà fún iṣẹ́ yẹn. Lásìkò náà, ọmọ Yorùbá kò tíì pọ̀ ní Kúbà bí wọ́n ṣe wá pọ̀ lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ fọ́, tí ogun gbalẹ̀ kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tiwa dé Kúbà láàrin 1800 àti àwọn ọdún 1860. Wídà, Àjàṣẹ́, Bàdágìrì àti Èkó ni wọ́n ti wọ ọkọ̀. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn tó wá láti ọ̀dọ̀ Fọ̀n àti Àláàdà, Arará ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn tó bára wọn jagun nílé wá di ẹrú lábẹ́ ọ̀gá kan náà, wọ́n jọ ń gé ìrèké nínú oko kan náà. Ní 1843, ní agbègbè Matanzas, obìnrin Lùkùmí kan tó ń jẹ́ Carlota wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ẹrú ní oko Triunvirato. Wọ́n pa á, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò parẹ́.

Nínú ìlú, àwọn Lùkùmí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí Sípéènì ń pè ní cabildo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sìnkú ara wọn, tí wọ́n ń dá owó jọ láti fi ra ara wọn padà, tí wọ́n sì ń bọ òrìṣà wọn. Ní Regla, ní òdìkejì èbúté, ilé ìjọ Màríà kan wà tí àwọn èèyàn ń rí Yemọja nínú rẹ̀. 7 oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ ọdún rẹ̀. Ní Bahia, ní Brazil, wọ́n tilẹ̀ mú orúkọ ìlú wa lọ: Kétu ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Candomblé tó lókìkí jù níbẹ̀. Ìlú tí wọ́n sun níhìn-ín, wọ́n ń kì í lójoojúmọ́ ní òkè òkun.

Ní Havana, ìbọn àgbá máa ń dún ní La Cabaña ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, lálaalẹ́. Láyé àtijọ́, àmì pé wọ́n fẹ́ ti ẹnubodè ìlú ni. Láti 1863 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri náà nítorí ìlú ti kún ju inú rẹ̀ lọ. Ẹnubodè kò sí mọ́, ìbọn ṣì ń dún. Bí ọ̀rọ̀ “ẹ̀yìn odi” ṣe kù sí ẹnu wa, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn yẹn ṣe kù sí etí wọn.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo amọ̀nà mọ̀ lórí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1886, òfin Sípéènì tú ìdè àwọn ẹrú tó kù ní Kúbà. Ọdún 1886! Ọdún yẹn gan-an ni Kétu fọ́. Bí okùn ṣe ń kúrò lọ́rùn Lùkùmí ní Havana ni okùn ń wọ ọrùn ọmọ Kétu lójú ọ̀nà Àgbómẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí Wídà nìkan á rò pé ìtàn yìí parí nígbà tí ọkọ̀ òkun dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àkàbà Ìdẹ̀nà ló mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

BÍ A BÁ FẸ́ ṢE ÈTÒ

Fún ọmọ wa tó bá fẹ́ dé Havana nínú ọkọ̀ òkun, ètò ibẹ̀ kò le. Ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ ìlú àtijọ́. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ lásán tó láti fi dé La Fuerza. Ní òpópónà Obrapía, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Casa de África wà, tó kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà jọ. Lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin, wàá rí ìyókù ògiri ìlú. Wọ ọkọ̀ kékeré kọjá sí Regla ní ọ̀sán. Bí ọkọ̀ yín bá sùn síbẹ̀, gòkè lọ sí La Cabaña kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Kí o tó sanwó, béèrè bóyá ọkọ̀ náà ṣì ń yà níbẹ̀: láti oṣù kẹfà 2019 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti dá àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn lọ síbẹ̀ dúró.

Tiwa ló le, nítorí odi wa kò sí létí òkun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ní Kútọnu ní aago méje òwúrọ̀, kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, á di aago mẹ́jọ. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Kútọnu, Àjàṣẹ́, Sakété, Pobè: nǹkan bí aago mọ́kànlá ni wọn yóò tó rí Kétu. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ padà sínú ọkọ̀ ní aago márùn-ún, wákàtí mẹ́ta péré ló kù, bí táyà kankan kò bá sì fọ́ lọ́nà. Ẹni tó bá ṣèlérí Kétu àti Wídà fún àlejò ní ọjọ́ kan ṣoṣo ń tàn án ni. Nítorí náà, èyí tí a lè béèrè ni pé kí ọkọ̀ sùn ní Kútọnu: ọjọ́ kìíní fún Wídà, ọjọ́ kejì fún òkè. Àwọn tó ń bá bàálù wá ló tilẹ̀ rọrùn jù fún.

Bí wọ́n bá wá, kí ni a ó fi hàn wọ́n? Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí kò bá sí ẹni tó ń ṣàlàyé, ògiri amọ̀ àti páànù ni àlejò máa rí ní Àkàbà Ìdẹ̀nà. Lójú ẹni tó ti rí El Morro, kékeré ni. Amọ̀nà ló máa sọ ọ́ di ńlá. A nílò ọ̀dọ́ tó gbọ́ Yorùbá ìlú náà, tó gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, bó bá ṣeé ṣe kó gbọ́ Sípáníṣì pẹ̀lú, tó sì ti jókòó ti àwọn àgbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Kí amọ̀nà náà sọ òtítọ́ láìdá ìjà sílẹ̀. Dàhọ̀mì ló fọ́ Kétu. A kò ní fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n Fọ̀n àti Yorùbá ti fẹ́ra wọn, wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà, ọmọ wọn jọ ń lọ sí ilé ìwé kan náà. Àwọn Yorùbá pẹ̀lú ta Yorùbá nínú ogun tiwa. Ìtàn kì í ṣe ìwé ìpẹ̀jọ́.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? Ó wà lára ohun tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, Kétu sì ni ìtàn rẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí. Ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ di ijó ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ẹni tó ń wo aago. Bí àsìkò rẹ̀ bá bá àlejò nílé, kí ó jókòó bí àwa náà ṣe ń jókòó. Bí kò bá bá a, kí ó jẹun. Ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ elépo pupa tó ti ọwọ́ àwọn ìyá wa jáde máa sọ ohun tó pọ̀ fún un.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ohun tí à ń fẹ́ fi hàn má parẹ́ kó tó di pé wọ́n dé. Yàrà Kétu kì í ṣe ààtàn. Erùpẹ̀ ara odi kì í ṣe erùpẹ̀ ìkọ́lé. Àwọn abúlé wa náà ní ibi tí àwọn àgbà ń tọ́ka sí pé, “ibí ni yàrà gbà kọjá.” Bí àgbà yẹn bá lọ, ta ló máa tọ́ka síbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè dúró di ọ̀la. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tó fún àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú lọ láǹfààní láti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Ọmọ Lùkùmí lè wá láti Havana, ọmọ Kétu lè wá láti Bahia, wọ́n á ní ilé làwọ́n ń bọ̀. Bí a bá mú wọn lọ sí Ilẹ̀kùn Àìpadàbọ̀ nìkan, ibi tí baba wọn ti jáde nìkan la fi hàn wọ́n. Ẹnubodè tí baba wọn máa ń wọlé gbà ń bẹ ní Kétu. Ibẹ̀ ló yẹ kí á pàdé wọn sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tàbí ìyá àgbà tó mọ ibi tí odi ìlú yín gbà, ní Kétu, ní Pobè, ní Sakété, ní Adja-Ouèrè, ní Ìmẹ̀kọ tàbí ní Abẹ́òkúta, ẹ bi wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sínú fóònù, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀, ẹ kọ orúkọ agbo ilé tó gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ fi ṣọwọ́ sí wa níhìn-ín kí gbogbo wa jọ kà á. Kí odi tó bọ́ lẹ́nu wa pátápátá, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó wà.